Nígbà tí Ìpàdé Bá Kún: Ìtàn Bí A Ṣe Mọ̀ Pé Kòkòrò Àrùn Ń Pa Àrokò sí Ara Wọn

Iṣẹ́ tí a bẹ̀ mí ni pé kí n sọ ìtàn kan nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kí n sì fi èdè Yorùbá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìtàn tí mo yàn ni ti bí àwọn onímọ̀ ṣe wá mọ̀ pé bakitéríà, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, máa ń fi kẹ́míkà ránṣẹ́ sí ara wọn, tí wọ́n sì ń ti ipa bẹ́ẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n pọ̀ tó láti ṣe ohun tí ẹyọ kan kò lè dá ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn ohun tí wọ́n ń dúró de ara wọn kí wọ́n tó ṣe ni a ń pè ní àìsàn nígbà tí ó bá dé ara wa.

Ìdí méjì ni mo fi yàn án. Èkíní ni pé mo jẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ní gbèsè. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, ohun tí mo ń kọ́ wọn ni pé bakitéríà kọ̀ọ̀kan dá wà ní tirẹ̀: ó ń jẹun, ó ń dàgbà, ó ń pín sí méjì, ó parí. Bí mílíọ̀nù kan bá wà nínú ìgò, mo ní kí wọ́n kà á sí ẹyọ kan tí a ṣe àdàkọ rẹ̀ ní ọ̀nà mílíọ̀nù kan. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú, mo sì fi bi wọ́n nínú ìdánwò. Ìwádìí tí ó fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ ti wà lórí pẹpẹ ìwé nígbà náà, n kò kàn kà á ni.

Ìdí kejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹbí. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá jà, ní egbò lẹ́sẹ̀, egbò náà sì di àdáàjinná. Ó ju ọdún kan lọ tí a fi ń wẹ̀ ẹ́ tí a ń dì í. Ọyún rẹ̀ ń yọ àwọ̀ ewé, ó sì ní òórùn kan tí ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí kì í gbàgbé. Pseudomonas aeruginosa ni. Wọ́n mú díẹ̀ nínú ọyún náà lọ yẹ̀ wò. Ìwé àyẹ̀wò jáde, ó ní oògùn báyìí-báyìí pa kòkòrò yìí nínú àwo. A ra oògùn náà, ó sì wọ́n. A lò ó pé. Egbò kò yí padà. Ní ọjọ́ kan ìyàwó rẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní: “Ọkọ mi, ẹ̀yin tí ẹ kàwé kòkòrò, ṣé kòkòrò tó wà nínú àwo wọn yàtọ̀ sí èyí tó wà lẹ́sẹ̀ bàbá ni?” Mo ṣe àlàyé kan fún un nípa ẹ̀jẹ̀ tí kì í dé ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ dáadáa. Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ó bi mí ni mo dáhùn.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí èrò ìdáwà náà ti wá. Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ni ó kọ́ ayé bí a ṣe ń ya irú kòkòrò kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Ní 1881 ó fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí a ṣe lè sin bakitéríà lórí oúnjẹ tí ó dì dípò inú omi, kí ìran ẹyọ kan lè jókòó sí ojú kan tí a óò fi rí i. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Fanny Hesse, aya ọ̀kan nínú àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́, dá a lábàá pé kí wọ́n lo agar, ohun kan tí ó ti máa ń fi mú oúnjẹ dídùn dì. Inú ilé ìdáná ni agar ti wá sí yàrá ìwádìí, títí di òní olónìí sì ni a ń lò ó. Ní 1882 Koch fi kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ hàn. Ní 1883 àti 1884 ó lépa ti onígbáméjì láti Íjíbítì dé Calcutta. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé: irú kòkòrò wo ni èyí? Nígbà tí a bá ti mọ irú rẹ̀, a gbà pé a ti mọ ìwà rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè pé: mélòó ni wọ́n ti pé?

Ẹni tí mo gbà pé ó kọ́kọ́ bi ìbéèrè náà nípa kòkòrò àrùn, tí ó sì rí ìdáhùn, ni Alexander Tomasz, ọmọ ilẹ̀ Hungary tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Rockefeller ní New York. Pneumococcus ni ó ń wò, ọ̀kan pàtàkì lára àwọn tí ń fa òtútù àyà. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni Oswald Avery, Colin MacLeod àti Maclyn McCarty ti fi hàn ní 1944 pé DNA ni ohun tí pneumococcus kan lè gbà lọ́wọ́ òmíràn tí ìwà rẹ̀ yóò fi yí padà, ìyípadà tí Frederick Griffith ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ní London ní 1928. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni pneumococcus ń gba DNA wọlé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìgbà tí ó ń ṣí. Tomasz rí i pé ilẹ̀kùn gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí wọ́n bá pọ̀ dé ìwọ̀n kan nínú ìgò. Ó wá mú omi tí àwọn tí ilẹ̀kùn wọn ti ṣí ti gbé inú rẹ̀, ó yọ kòkòrò kúrò nínú rẹ̀, ó sì da omi náà sórí àwọn tí ilẹ̀kùn wọn ṣì tì. Ilẹ̀kùn ṣí. Ní 1965 ó tẹ ìwádìí yìí jáde, ó sì fi ohun tí ó wà nínú omi náà wé họ́móònù, irú èyí tí ẹ̀yà ara kan fi ń ránṣẹ́ sí ẹ̀yà ara mìíràn nínú ènìyàn. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni ó gbà kí a tó mọ ohun náà gan-an: ní 1995 ni Leiv Sigve Håvarstein àti Donald Morrison pẹ̀lú ẹnìkẹta wọn fi hàn pé purotéènì kúkúrú kan ni, tí ó ní ègé 17 péré.

Bí Tomasz ti ń ṣe èyí ní New York, inú òkun ni àwọn mìíràn ń wò. Àwọn bakitéríà kan wà nínú omi iyọ̀ tí wọ́n ń tan ìmọ́lẹ̀. Woodland Hastings ti Harvard àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń sin ọ̀kan nínú wọn, Vibrio fischeri, nínú ìgò, wọ́n sì rí ohun kan tí kò bá ìṣirò mu. Bí kòkòrò kọ̀ọ̀kan bá ní àtùpà tirẹ̀, tí iye wọn sì di ìlọ́po méjì, ó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ náà di ìlọ́po méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò ń pọ̀ sí i fún wákàtí mélòó kan, ìmọ́lẹ̀ kò gbérí. Lẹ́yìn náà, bí ẹni pé ẹnìkan pàṣẹ, ó ru sókè ní ìgbà ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn méjì kan, Kempner àti Hanson, ti sọ ní 1968 pé ohun ìdènà kan ni ó wà nínú oúnjẹ tí a ń fún wọn, pé ìgbà tí kòkòrò bá ti jẹ ẹ́ tán ni ìmọ́lẹ̀ ń tàn. Àlàyé gidi ni, kò sì yẹ kí a fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ní 1970 Kenneth Nealson, Terry Platt àti Hastings gbé àlàyé mìíràn kalẹ̀: àwọn kòkòrò fúnra wọn ni ó ń tú nǹkan kan sínú omi, bí nǹkan náà bá sì ti pọ̀ tó, àtùpà gbogbo wọn a tàn. Wọ́n pe nǹkan náà ní orúkọ kan tí ó túmọ̀ sí ohun tí ń ta ara rẹ̀ jí.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀ yìí, nítorí ẹni tí kò bá mọ ìlò rẹ̀ kò ní mọ ìdí tí kòkòrò fi ń dúró. Ní etí òkun Hawaii, ẹran omi kan wà tí kò ju àtàǹpàkò ọwọ́ lọ púpọ̀, sikúìdì kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Euprymna scolopes. Ó ní yàrá kan nínú ara rẹ̀ tí Vibrio fischeri ń gbé. Òru ni ó ń ṣọdẹ. Bí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ lórí omi, ẹja tí ó wà nísàlẹ̀ lè rí òjìji rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí àwọn kòkòrò ń tàn láti abẹ́ ikùn rẹ̀ ni ó ń fi bo òjìji náà. Margaret McFall-Ngai àti Edward Ruby, tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ọ̀rọ̀ yìí, fi yé wa pé ní ìdájí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, sikúìdì náà a tú nǹkan bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún kòkòrò wọ̀nyí dà sínú òkun, àwọn ìyókù a sì tún pọ̀ sí i títí di alẹ́. Nínú yàrá yẹn wọ́n ń há mọ́ ara wọn, ohun tí wọ́n tú síta kò rí ibi lọ. Nínú agbami òkun, bí wọ́n bá tú u, omi gbé e lọ. Ẹyọ kan tí ń tan iná láàárín òkun kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní, agbára oúnjẹ rẹ̀ ni ó ń fi ṣòfò.

Báyìí, ní 1970, ẹ̀rí méjì ti wà nílẹ̀. Mo lè fi ẹ̀kẹta kún un: ní Moscow, A. S. Khokhlov àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i ní 1967 pé Streptomyces, ẹbí bakitéríà inú ilẹ̀ tí a ti rí oògùn streptomycin, ń tú kẹ́míkà kan jáde tí ń sọ ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè oògùn náà. Ilé mẹ́ta, iná kan náà ni wọ́n dá, kò sì sí ẹni tí ó yọjú wo ti aládùúgbò. Àwọn dókítà ń ka ìwé òtútù àyà, àwọn ará òkun ń ka ti òkun, àwọn olóògùn ń ka ti ilẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbọ́ nípa ìmọ́lẹ̀ inú òkun kà á sí àrà tí ó dùn-ún wò, tí kò kan ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn. Èmi náà wà nínú wọn. Ó sì yẹ kí n fi kún un pé oògùn apakòkòrò ń ṣiṣẹ́ gan-an ní àkókò náà. Ẹni tí ó ní òòlù tí ó ń fọ́ gbogbo èkùrọ́ kì í jókòó wo bí èkùrọ́ ṣe rí nínú.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ní 1981 Anatol Eberhard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ ìrísí kẹ́míkà tí Vibrio fischeri ń tú jáde: ohun kékeré kan ni, orí rẹ̀ rí bí òrùka, ìrù ọ̀rá kúkúrú kan sì so mọ́ ọn. Ní 1983 JoAnne Engebrecht, Nealson àti Michael Silverman, ní California, gé àwọn jíìnì tí ó jẹ mọ́ ìmọ́lẹ̀ náà, wọ́n sì fi wọ́n sínú Escherichia coli, kòkòrò inú ìfun tí kò tan iná rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Escherichia coli tan iná, òun náà sì dúró títí ó fi pọ̀ kí ó tó tàn án! Wọ́n wá rí i pé jíìnì méjì ni òpómúléró ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan, luxI, ni ó ń pèsè kẹ́míkà. Èkejì, luxR, ni ó ń dá a mọ̀ nígbà tí ó bá wọlé, tí ó sì ń tan àwọn jíìnì ìmọ́lẹ̀. Ẹnìkan ń ránṣẹ́, ẹnìkan ń gbà á, ilé kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń gbé.

Nígbà tí a ti mọ bí jíìnì méjèèjì ṣe rí, ó ṣeé ṣe láti wá ìbátan wọn kiri. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ní 1991 Michael Gambello àti Barbara Iglewski, ní Rochester ní Amẹ́ríkà, rí ìbátan luxR nínú Pseudomonas aeruginosa, kòkòrò egbò ẹsẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n sọ ọ́ ní lasR. Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ ni ó ń tàn: ó ń pàṣẹ kí kòkòrò náà tú ẹ́ńsáìmù tí ń jẹ ẹran ara jáde. Ní 1992 àwọn ará Nottingham ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé Erwinia, tí ń mú kí ọ̀dùnkún rà, ń lo kẹ́míkà inú òkun yẹn gan-an, láìyí nǹkan kan padà nínú rẹ̀, láti mọ ìgbà tí yóò ṣe oògùn tí ó fi ń pa àwọn alábàádíje rẹ̀. Ní 1993 Iglewski àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìdajì kejì nínú Pseudomonas, èyí tí ń pèsè kẹ́míkà, wọ́n sì kọ ọ́ gbangba pé ìjùmọ̀sọ̀rọ̀ láàárín kòkòrò ni ó ń ṣí ọ̀nà fún àwọn ohun tí ń pa aláìsàn lára.

Ó wá ku orúkọ. Ní 1994 Clay Fuqua, Stephen Winans àti Peter Greenberg kọ àyẹ̀wò kan lórí gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti lo quorum sensing. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé agbẹjọ́rò kan nínú ẹbí Winans ni ó gbọ́ àlàyé náà tí ó sì rántí òfin ìpàdé: iye ènìyàn kan gbọ́dọ̀ pé kí ìpinnu tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ rí, tí akọ̀wé dìde tí ó ní “a kò tíì pé,” ti mọ ohun tí wọ́n ń wí. Mo máa ń pè é ní òye ìpé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi nínú ẹ̀ka èdè ní kò dún dáadáa létí. Mo ní kí wọ́n mú èyí tí ó dára jù ú lọ wá, mo sì ń retí wọn.

Ní ti ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá, èdè wa ní ohun tí ó bá a mu ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, èyí nì àrokò. Nígbà tí àwọn baba wa bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, ẹni tí ó gbà á mọ̀ pé ọkàn olùránṣẹ́ fà sí òun, nítorí ẹfà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, wọ́n jọ fi ohùn ṣọ̀kan nìyẹn, nítorí ẹ̀jọ. Ohun tí a fi ránṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà, iye rẹ̀ sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni kẹ́míkà bakitéríà. Kò sí gbólóhùn nínú rẹ̀. Bí ó ti pọ̀ tó ni ó ń sọ bí wọ́n ti pọ̀ tó. Àmọ́ àfiwé náà ní ibi tí ó ti já: ẹni tí ó di àrokò mọ ẹni tí ó ń dì í fún, bakitéríà kò sì mọ ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó tú jáde lè padà wọ inú rẹ̀ gan-an.

Mo lè wá dáhùn ìbéèrè ìyàwó àbúrò ìyá mi. Ní 1998 David Davies, Greenberg àti àwọn mìíràn fi hàn pé Pseudomonas ń fi àrokò yìí kọ́lé. Bí wọ́n bá ti bà sí ojú kan, wọ́n a máa tú ohun kan tí ń fà bí ọbẹ̀ ilá jáde, wọ́n a fi mọ odi yí ara wọn ká. Davies mú àwọn tí a ti ba jíìnì àrokò wọn jẹ́, ó sì rí i pé odi tí wọ́n mọ pẹlẹbẹ, àwọn inú rẹ̀ há mọ́ra, ọṣẹ lásán sì ń tú wọn ká. Àwọn tí àrokò wọn pé kò mira. Ní 2000 wọ́n rí àrokò kan náà nínú ìtọ́ ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí ó ní cystic fibrosis, àrùn àjogúnbá tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Yúróòpù. Kòkòrò tí ó wà lẹ́yìn irú odi bẹ́ẹ̀ lè farada oògùn tí ó pọ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po ju èyí tí ń pa á nínú omi lọ. Nínú àwo àyẹ̀wò, oògùn bá wọn ní gbangba. Lẹ́sẹ̀ àbúrò ìyá mi, inú odi ni wọ́n wà. Irú kan náà ni, ipò wọn ni kò dọ́gba. Nígbà tí mo fi mọ èyí, bàbá ti kú, kì í ṣe egbò náà nìkan ni ó sì pa á.

N kò ní pẹ́ lórí Staphylococcus aureus, tí ń fa eéwo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Richard Novick ní New York àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tú àṣírí rẹ̀ láàárín 1995 àti 1997. Purotéènì kúkúrú ni àrokò tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéré, wọ́n a gbá ara mú. Nígbà tí wọ́n pé, wọ́n a jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú oró jáde. Ẹ̀yà mẹ́rin ni ó wà nípa irú àrokò tí wọ́n ń pa, àrokò ẹ̀yà kan sì sábà máa ń pa ẹ̀yà mìíràn lẹ́nu mọ́.

Ti onígbáméjì ni ó ṣe mí ní kàyéfì jù. Ẹ mọ bí ó ṣe jẹ́ orúkọ náà: igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìgbẹ́. Àjàkálẹ̀ keje, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Indonesia ní 1961, dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1970, kí ọdún náà sì tó parí ó ti wọ Èkó. Àwọn àgbà tí wọ́n gbé ibẹ̀ ní 1971 kò lè gbàgbé. Vibrio cholerae, tí ń fa á, jẹ́ ìbátan alátùpà inú òkun, a sì ti lérò pé bí ó bá pé ni yóò tú oró rẹ̀ jáde bí ti Pseudomonas. Ní 2002 Bonnie Bassler ti Princeton, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ Silverman, fi hàn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òdìkejì gan-an ni. Ìwádìí ẹgbẹ́ mìíràn ní ọdún kan náà sì sọ bákan náà. Nígbà tí Vibrio cholerae kéré níye ni ó ń lẹ̀ mọ́ ìfun, tí ó sì ń tú oró tí ń fa omi ara jáde. Bí wọ́n bá ti pọ̀ tó, àrokò yóò ní kí wọ́n dá oró dúró, kí wọ́n tú ẹ́ńsáìmù tí ń já wọn gbà, kí wọ́n bá omi jáde. Igbá kejì ni ọkọ̀ wọn. Inú odò tàbí kànga ni wọ́n ń padà sí, kí wọ́n lè rí ẹlòmíràn wọ̀. Ní ojú kòkòrò, ìfun wa kì í ṣe ilé rárá, ibùdókọ̀ ni. Ní 2007 ni wọ́n mọ ìrísí olórí àrokò tí ó ń lò.

Ìwádìí Bassler yìí fi hàn pé ẹni tí ó bá fẹ́ sọ òye ìpé di oògùn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Bí a bá pa Pseudomonas lẹ́nu mọ́, ìpalára rẹ̀ dínkù. Bí a bá pa Vibrio cholerae lẹ́nu mọ́, a ti mú kí ó rò pé òun ṣì kéré, oró ni yóò máa tú lọ. Tirẹ̀, kí a bá a pariwo ni. Ní 2010 Faping Duan àti John March ní Cornell ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n kọ́ Escherichia coli kan tí kò léwu láti pèsè àrokò Vibrio cholerae, wọ́n fún ọmọ èkúté ní i kí onígbáméjì tó dé ara wọn, púpọ̀ sí i nínú wọn sì yè.

Gbogbo onímọ̀ kọ́ ni ó gbà pé ìjùmọ̀sọ̀rọ̀ ni èyí. Rosemary Redfield, ní Kánádà, kọ ọ́ ní 2002 pé ó ṣeé ṣe kí kòkòrò kọ̀ọ̀kan kàn máa wo bóyá ohun tí òun tú jáde ń ṣàn lọ tàbí ó ń dúró. Bí ó bá ń ṣàn lọ, ẹ́ńsáìmù tí ó wọ́n láti ṣe yóò ṣàn lọ pẹ̀lú rẹ̀. Kí ó má wulẹ̀ ṣe é. Nínú èyí, ẹyọ kan nínú ihò kékeré lè rò pé ìpàdé ti kún. Èrò tèmi ni pé Redfield tọ̀nà nípa bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lè bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a rí ní 2007 kò jẹ́ kí n dúró sọ́dọ̀ rẹ̀ pátápátá. Ní ọdún náà Stephen Diggle àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn Pseudomonas kan tí kì í dáhùn sí àrokò, tí wọn kì í sì í tú ẹ́ńsáìmù jáde, ń jẹ nínú oúnjẹ tí ẹ́ńsáìmù àwọn ẹlòmíràn fọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń pọ̀ jù wọ́n lọ. Ẹni tí kò dá àjọ ni ó ń kó àjọ. Níbi tí olè àjọ bá wà, àjọ kan gbọ́dọ̀ ti wà. Nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí ó ti pẹ́ nínú cystic fibrosis, irú àwọn tí lasR wọn ti bàjẹ́ báyìí wọ́pọ̀.

Ní ti oògùn, ìrètí pọ̀ ju ohun tí ó wà lọ́wọ́ lọ. Ewéko òkun pupa kan ní Australia, Delisea pulchra, ń ṣe kẹ́míkà tí ó jọ àrokò bakitéríà, èyí tí ń gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kòkòrò kì í fi í rọ́nà bo ewé rẹ̀. Ní Singapore, láti 2000, Yi-Hu Dong àti Lian-Hui Zhang rí ẹ́ńsáìmù tí ń ṣẹ́ òrùka orí àrokò náà, wọ́n fi jíìnì rẹ̀ sínú ọ̀dùnkún, ọ̀dùnkún náà sì ko Erwinia lójú. Àǹfààní tí a ń retí ni pé ohun tí kò pa kòkòrò kò ní tètè kọ́ ọ bí yóò ṣe borí. Ìrètí náà kò dúró láìsí àbùkù, nítorí pé ní 2012 a ti rí Pseudomonas tí ó mọ bí a ti ń tú ọ̀kan nínú àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí dà síta. Títí di àsìkò tí mo ń kọ èyí, kò tíì sí oògùn kan tí a fọwọ́ sí fún ìtọ́jú ènìyàn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti da àrokò kòkòrò rú.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni ó ń dẹtí. Ní 2019 Justin Silpe àti Bassler rí fáírọ́ọ̀sì kan tí ń gbé inú Vibrio láì pa á, tí ó sì ní ohun ìgbàrokò tirẹ̀. Ó ń gbọ́ àrokò ẹni tí ó gbà á lálejò. Bí àwọn onílé bá ti pé, tí ó hàn pé ilé mìíràn pọ̀ nítòsí tí àwọn ọmọ rẹ̀ lè wọ̀, a pa onílé, a sì jáde. Wọ́n tún jíìnì náà kọ́ kí ó lè gbọ́ àmì mìíràn tí ẹni tí ń ṣe ìwádìí bá yàn, ó sì ṣiṣẹ́ nínú ìgò lórí Escherichia coli, lórí Salmonella, àti lórí Vibrio cholerae. Ibi tí iṣẹ́ dé nìyẹn.